Àgbá ìyan ẹ̀pà ń já bíréékà: ṣé mọ́tò iná ló kéré ni?

Ẹlẹ́pà_Kano

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sabon Gari ní Kánò ni mo wà, ẹ̀pà ni mo ń yan tà fún àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí. Wẹ́dà kan ló bá mi ṣe àgbá irin tó ń yí lórí iná gáàsì. Mọ́tò iná 2 hp, single phase, 1450 RPM, ló ń yí i. Láti ara mọ́tò, bẹ́líìtì ló gbé e dé gíábọ́ọ̀sì 40:1 (tí mọ́tò bá yí ní ìgbà 40, òun á yí lẹ́ẹ̀kan), ṣéènì sì tún dín in kù sí ìdajì kó tó dé ara àgbá. Àgbá ń yí bíi ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí mo ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn.

Ìṣòro mi ni pé tí mo bá da ẹ̀pà sí i tí mo tan án, mọ́tò á máa kùn gan-an, á pẹ́ kó tó gbéra, kí n tó mọ̀, bíréékà ti já. Láàárọ̀ tí iná bá dáa, ó máa ń gbéra nígbà míì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i.

Gbogbo ẹni tó wá wò ó ló ń sọ pé àgbá ti wúwo jù, kí n lọ ra mọ́tò 5 hp. Àgbá náà lófìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 140 kg: ara rẹ̀ jẹ́ 100 kg, ìdérí méjèèjì jẹ́ 40 kg. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 90 cm. Ẹ̀pà tí mò ń dà sí i lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 100 kg. Owó mọ́tò 5 hp kì í ṣe owó kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó náwó.

Panteka_Wẹ́dà (Kàdúná)

Ẹ máà tíì ra nǹkan kan. 40 lọ́nà 2 jẹ́ 80. Gíà yín ti sọ tọ́ọ̀kì mọ́tò (agbára tó fi ń yí nǹkan) di ìlọ́po 80 kó tó dé ara àgbá. 2 hp tó ń yí ní 1450, tọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ bíi 10 Nm. Tó bá dé òdìkejì, ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi 800 Nm, kódà tí gíábọ́ọ̀sì bá jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. A máa ń ṣe àgbá tó tóbi ju èyí lọ ní Panteka níbí, mọ́tò 2 hp ló ń yí wọn. Ìwúwo àgbá tí mọ́tò ń rí, ẹ fi 80 pín in, ẹ ó rí i pé kò tó nǹkan.

Tíṣà_Zaria

Panteka, ti tọ́ọ̀kì tí ẹ sọ yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n inertia kì í ṣe tọ́ọ̀kì. 80 kan ṣoṣo kọ́ la ó fi pín in. 80 lọ́nà 80 ni, ìyẹn 6400. Mo fẹ́ kí a yé ara wa lórí èyí dáadáa torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Inertia ni agídí tí ohun tó ń yí fi ń kọ̀ láti gbéra, tí ó sì tún fi ń kọ̀ láti dúró. Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń fa agídí yẹn. Bí ìwúwo náà ṣe jìnnà sí àárín tó ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ìjìnnà yẹn la máa ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀. Nǹkan oníhò bí ara àgbá, tí irin rẹ̀ wà létí, a ó sọ ìwúwo di ìlọ́po ìjìnnà lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan pẹlẹbẹ tó kún bí ìdérí, ìdajì ìyẹn ni.

Ti àgbá yìí: láti àárín dé etí jẹ́ 0.45 m. 0.45 lọ́nà 0.45 jẹ́ 0.2025. Ara àgbá: 100 × 0.2025 = 20.25. Ìdérí méjèèjì: ìdajì 40 × 0.2025 = 4.05. Àpapọ̀ jẹ́ 24.3 kg·m².

Wàyí o, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì la ó fi 80 pín in? Ẹ ronú ohun tí mọ́tò ń ṣe. Tí mọ́tò bá ń yára sí i, ìyára tó ń wọ inú àgbá jẹ́ ìdá kan nínú 80 ti mọ́tò. Nítorí náà, agídí tí àgbá ń ṣe ti kéré ní ìlọ́po 80 lọ́dọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Agídí tó ti kéré yìí á tún gba inú gíà padà sọ́dọ̀ mọ́tò, gíà á sì tún fi 80 dín in kù, bí ó ṣe ń ṣe sí gbogbo tọ́ọ̀kì tó bá ń padà bọ̀. Ọ̀kan nítorí ìyára, ọ̀kan nítorí tọ́ọ̀kì.

24.3 tí a fi 6400 pín jẹ́ 0.0038 kg·m². Gbogbo ohun tí mọ́tò ń rí lára àgbá 140 kg nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá wo rọ́tọ̀, ìyẹn irin tó ń yí nínú mọ́tò fúnra rẹ̀: ká ní ó wúwo tó 5 kg, tí ó sì jẹ́ 4 cm láti àárín dé etí. Ìdajì 5 × 0.0016 jẹ́ 0.004. Rọ́tọ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé, agídí rẹ̀ ju ti àgbá yẹn lọ díẹ̀.

Nítorí náà, àgbá kọ́ ló ń já bíréékà. Ẹlẹ́pà, ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ tó ń yára, ìyẹn láàárín mọ́tò sí ibi tí gíábọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Irú púlì wo ló wà níbẹ̀?

Ẹlẹ́pà_Kano

Ẹ ṣeun gan-an, Tíṣà. Púlì méjì ni, ọ̀kan lórí ṣáàfùtì mọ́tò, ọ̀kan lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì. Iwọ̀n kan náà ni wọ́n, 10 inches. Irin dúdú ni, wẹ́dà yọ wọ́n lára ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́ kan. Mo gbé ọ̀kan lé òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, 6 kg.

Tíṣà_Zaria

Ẹ ti rí i báyìí.

Púlì méjì jẹ́ 12 kg. Láti àárín dé etí púlì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 inches jẹ́ bíi 0.125 m. 0.125 lọ́nà 0.125 jẹ́ 0.0156. Ìdajì 12 × 0.0156 jẹ́ 0.094 kg·m². Bí irin rẹ̀ bá pọ̀ sí etí ju àárín lọ, á tún ju bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó ń yára ni púlì méjèèjì wà, nítorí náà a kò ní fi nǹkan kan pín in. Iye yẹn ni mọ́tò ń rí gẹ́lẹ́.

0.094 sí 0.0038: púlì méjèèjì le fún mọ́tò láti gbé ju àgbá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25. Ẹ ń bá àgbá jà, púlì ló sì ń mú yín.

Fún ẹni tí ìṣirò yìí kò bá tíì dá lójú, ẹ gba agbára inú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Agbára tó wà nínú ohun tó ń yí jẹ́ ìdajì inertia lọ́nà ìyára lẹ́ẹ̀mejì. 1450 RPM jẹ́ 152 radian (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìyí) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti àgbá jẹ́ 1.9. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń yí tán, ohun tó wà nínú àgbá jẹ́ nǹkan bí 44 joule. Ti púlì méjèèjì sún mọ́ 1,090 joule. Inú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni mọ́tò ní láti rọ gbogbo ìyẹn sí púlì kí bíréékà tó já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: tí ẹ bá pa iná, ẹ má fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì. Àgbá ńlá lẹ ń wò, ṣùgbọ́n inú púlì ni agbára tó lè gé ìka wà.

Rewire_Dei-Dei (Abuja)

Ìṣirò Tíṣà tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un torí mo gbọ́ tí ẹ sọ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń burú.

Tọ́ọ̀kì mọ́tò iná irú yìí máa ń bá fóltéèjì lọ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn fóltéèjì lọ́nà ara rẹ̀. Tí 230 bá di 160, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló lọ. Rárá o. 160 lórí 230 lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ 0.48. Ó ti dín ju ìdajì lọ. Ẹ gbé mítà sí ẹnu mọ́tò gan-an, kì í ṣe sí ara sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ohun tó kà nígbà tí ẹ bá ń tan án. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn máa ń jẹ fóltéèjì nígbà tí mọ́tò bá ń fa iná láti gbéra.

Ẹ tún wo kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rẹ̀, tọ́ọ̀kì ìgbéra á lọ sílẹ̀ púpọ̀. Kapásítọ̀ tó dáa lè fún mọ́tò yín ní ìlọ́po méjì tọ́ọ̀kì tó kọ sára. Tí mọ́tò kò bá gbéra kíákíá, swíìṣì inú rẹ̀ kò ní já kúrò, kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ á máa gba iná tí kò yẹ kó gbà pẹ́. Kíkùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti dì, ibẹ̀ ni wọ́n ti jóná.

Ẹlẹ́pà_Kano

Mo ti wò ó nírọ̀lẹ́ yìí. Tí mo bá tan án, mítà ń lọ sí 160 lẹ́nu mọ́tò.

Tíṣà_Zaria

Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ wò.

Ẹ̀pà ní tirẹ̀ kì í bá àgbá yí pátápátá. Ìsàlẹ̀ ló ń wà, àgbá á fà á gun ẹ̀gbẹ́ kan, á sì yí padà wá sílẹ̀. Ohun tí mọ́tò ń ṣe sí ẹ̀pà ni pé ó ń gbé e sókè. Bí 100 kg ẹ̀pà bá gun ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí àárín ní nǹkan bí 17 cm, ó jẹ́ nǹkan bí 170 Nm lára àgbá. Tó bá gba inú gíà 80 padà, tí a sì fi ohun tí gíábọ́ọ̀sì oníwọ́ọ̀mù ń jẹ kún un, mọ́tò á rí i bíi 3.5 Nm. Tọ́ọ̀kì lásán ni èyí, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan la fi gíà pín in. Panteka tọ̀nà níbí.

Ká ní kapásítọ̀ ti rẹ̀, tí mọ́tò ń fún yín ní 10 Nm péré. Ní 160 fóòltì, ó di 4.8. Ẹ yọ 3.5 ti ẹ̀pà kúrò, ó ku 1.3 Nm. Ìwọ̀nba yẹn ni yóò fi ti púlì, rọ́tọ̀ àti àgbá dé 1450. Àpapọ̀ inertia jẹ́ 0.102. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12, iná tí mọ́tò ń fà láti gbéra ní gbogbo àkókò yẹn sì jẹ́ ìlọ́po bíi 5 iye tó máa ń fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bíréékà wo ni kò ní já?

Láàárọ̀ tí iná tó 220, ó ku nǹkan bí 5.6 Nm, á sì gbéra láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìdí tó fi ń gbéra láàárọ̀ nìyẹn.

Tí ẹ bá wá fi púlì 4 inches rọ́pò ti 10 inches méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo 1.5 kg: ìdajì 3 × 0.0025 jẹ́ 0.00375. Láti 0.094 sí ìyẹn, ó ti dín ní ìlọ́po 25. Kódà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú 160, á gbéra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Méjèèjì ṣì bára mu, nítorí náà ìyára àgbá kò ní yí padà. Ẹ ra èyí tó ní ihò bẹ́líìtì méjì, torí bẹ́líìtì kan lórí púlì kékeré lè máa yọ̀.

Àpò_Mẹkáníìkì (Abuja)

Ẹ ṣeun fún ìjíròrò yìí, ó ti jẹ́ kí n lè sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ohun tí mo ti ń rí lójú pópó láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Apo níbí, àwọn oníbàárà máa ń bi wá bóyá kí àwọn fi flywheel (irin rìbìtì tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí) tó fúyẹ́ rọ́pò ti ọkọ̀ wọn.

Inú gíà kìn-ín-ní nìkan lẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wò ó láti òdìkejì ohun tí Tíṣà sọ: láti ọ̀dọ̀ táyà, ẹ̀ẹ̀mejì ni gíà ń sọ inertia ẹ́ńjìnnì di púpọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú flywheel jẹ́ 0.15 kg·m². Gíà kìn-ín-ní jẹ́ 3.5, ti ẹ̀yìn jẹ́ 4, àpapọ̀ 14. 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196. Pẹ̀lú táyà tó jẹ́ 30 cm láti àárín, ó dà bí ìgbà tí ẹ kó ẹrù 327 kg sínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ iná. Ní gíà karùn-ún tó jẹ́ 0.8, àpapọ̀ jẹ́ 3.2, ẹrù náà á wá di 17 kg péré.

Nítorí náà ẹni tó ń rìn nínú gosílóò Nyanya láàárọ̀, tó ń dúró tó ń gbéra, yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lọ Lọ́kọ́ja ní gíà karùn-ún kò ní mọ nǹkan kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi owó wọn ṣe bíréèkì.

Ìyá_Ẹlọ́ta_Gwagwalada

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Mo ní ẹ̀rọ ìlọta tó ní táyà irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin kan ka ọ̀rọ̀ yín fún mi, ó ní kí n yọ táyà náà. Ṣé kí n yọ ọ́?

Panteka_Wẹ́dà

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má yọ ọ́! Ti yín yàtọ̀ pátápátá. Nínú ẹ̀rọ ìlọta, iṣẹ́ kì í dọ́gba: àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tó le á wọlé lójijì, á fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Agbára tó wà nínú táyà yẹn ló ń gba ẹ̀rọ kọjá níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa kú nígbà gbogbo. Ẹ̀gbẹ́ tó ń yára ni a sì ń gbé e sí, ìdí kan náà tí Tíṣà sọ: ibẹ̀ ni irin díẹ̀ ti ń tọ́jú agbára púpọ̀. Ti ẹlẹ́pà, ẹrù rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ohun tí agbára àkójọ yẹn fẹ́ ṣe fún un.

Ìyá_Ẹlọ́ta_Gwagwalada

Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ti sọ fún un kó fi sílẹ̀.

Géètì_Lugbe

Mo ń fi mọ́tò sí géètì yíyọ̀ ní àwọn ẹ́sítéètì Lugbe àti Lokogoma. Kí ló dé tí eyín gíà fi máa ń kán nígbà tí géètì bá gbá stopper, nígbà tó sì jẹ́ pé géètì ń lọ jẹ́jẹ́, 10 mítà láàárín ìṣẹ́jú kan? Géètì 500 kg ni mo sábà máa ń bá pàdé. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìwúwo géètì ni.

Tíṣà_Zaria

Ìwúwo géètì jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Rọ́tọ̀ mọ́tò ni ìdajì kejì, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ká ní mọ́tò náà ń yí ní 1400, tí inertia rọ́tọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.0008. 1400 jẹ́ 147 radian ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Géètì ń rin 0.167 m nínú ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ fi 0.167 pín 147, ó jẹ́ 880. Ẹ sọ 880 di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi 0.0008 sọ ọ́ di púpọ̀: nǹkan bí 620 kg. Nígbà tí géètì bá gbá stopper, géètì 500 kg dúró, ṣùgbọ́n rọ́tọ̀ náà ṣì ń yí, ó sì ń ti eyín gíà bí ìgbà tí géètì kejì tó wúwo jù ú lọ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ jẹ́ kí limit switch pa mọ́tò kí géètì tó dé stopper, kí ẹ sì tan ìdínkù ìyára tó wà lára bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó bá ní in. Tí ìyára bá di ìdajì, agbára ìgbá náà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Rọ́bà lórí stopper náà dáa.

Ọmọ_Samaru

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gíà 80 yìí ló dáa jù fún àgbá náà?

Tíṣà_Zaria

Ìbéèrè tó dáa. Fún ìgbéra kíákíá, tí a kò bá ka ẹrù, púlì àti ohun tí gíábọ́ọ̀sì ń jẹ, gíà tó dáa jù ni èyí tó mú kí inertia àgbá, tí a bá ti pín in tán, bá ti mọ́tò dọ́gba. 24.3 tí a fi 0.004 pín jẹ́ 6075, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 78. Àgbá ẹlẹ́pà wà ní 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o má gbàgbé pé ìyára tí ẹ̀pà ń fẹ́ kó má baà jóná ló kọ́kọ́ yan gíà. Inertia ló tẹ̀ lé e.

Ẹlẹ́pà_Kano

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti ra púlì 4 inches méjì àti kapásítọ̀ tuntun. Mọ́tò náà ń gbéra lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà tó kún inú rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Mọ́tò 2 hp kan náà ni. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù tún ń sọ pé kí n ra inverter tó ń mú ìyára mọ́tò pọ̀ tàbí dín kù kó lè gbéra jẹ́jẹ́. Ṣé kí n rà á?

Rewire_Dei-Dei

Rárá o, ẹ fi owó yẹn ra gáàsì. Mọ́tò three phase ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ fún. Ti yín jẹ́ single phase tó ní kapásítọ̀ àti swíìṣì inú. Tí ẹ bá dín ìyára rẹ̀ kù, swíìṣì náà á padà wọlé, kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ á sì jóná. Ẹ kàn pààrọ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sí 4 mm kí fóltéèjì má baà wálẹ̀ jù.